Ọjọ́ Mẹ́ta tí Iná Fi Lọ ní Suwanee

Fún ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé Atlanta, mi ò bá ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù rí kí n má fi ọ̀rọ̀ iná kún un. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá pè láti Ìbàdàn, tí mo sì gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìn rẹ̀, màá dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń kẹ́dùn, màá wá ní, “Ẹ kú ìfaradà o. Ẹ ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ iná yìí náà?” Ẹ̀gbọ́n mi á ní ṣé tiwa kì í lọ ni. Màá ní, “Iná? Kó lọ síbo?”

Mo tilẹ̀ jẹ́rìí sí i ní ìjọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí àlùfáà ní kí ẹni tó bá ní ọpẹ́ bọ́ síwájú, àwọn kan dúpẹ́ fún ọmọ, àwọn kan dúpẹ́ fún ìwé ìgbélùú, ẹnì kan dúpẹ́ fún iṣẹ́ tuntun ní ilé ìwòsàn. Èmi dúpẹ́ pé láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, mi ò tíì fi àbẹ́là jẹun rí. Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́, bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó ní ìlà kẹta. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi ṣiṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní Nàìjíríà kó tó fẹ̀yìn tì, kó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbí. Bàbá Oníná là ń pè é. Ohun àkọ́kọ́ tó rà nígbà tó dé Amẹ́ríkà, kì í ṣe kóòtù, kì í ṣe bàtà òtútù. Jẹnẹrétọ̀ ni. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ níbi tí a ti ń jẹ ìrẹsì lẹ́yìn ìsìn pé ẹni tó bá ti bá wọn se ọbẹ̀ rí kì í dijú jẹ ẹ́. Bàbá ò bínú. Ó kàn na ìka sí ojú fèrèsé, ó ní, “Ẹ ṣáà máa wo àwọn igi yẹn o.”

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá kí wa, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nílùú òyìnbó sì ni. Ọmọ wa kan ṣoṣo ti lọ sí yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn, nítorí náà yàrá rẹ̀ la fún Màmá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, mo lọ kí i, mo sì rí i pé ó ti pọn omi kún bókẹ́ẹ̀tì méjì ní balùwẹ̀, ó sì ti fi tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìrọ̀rí.

“Màmá, kí lẹ fẹ́ fi omi yìí ṣe?”

“Bí wọ́n bá mú un lọ ńkọ́?”

“Wọn kì í mú nǹkan kan lọ níbí, Màmá.”

Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tó ní òun ò ní kú láéláé. Kò da omi náà nù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ìjì òtútù ń bọ̀. Ẹni tí kò bá gbé Atlanta rí lè má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe fún wa. Ìlú tí ọ̀nà mọ́tò rẹ̀ fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù, tí gbogbo ayé ń gba pápá ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ kọjá, bí wọ́n bá ti dárúkọ yìnyín péré, gbogbo rẹ̀ á dà bí adìyẹ tó rí àṣá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kò sí búrẹ́dì mọ́ ní Suwanee, ẹ̀gbẹ́ Atlanta níbi tí ilé wa wà, kò sí mílíìkì, kò sí ẹyin. Mi ò mọ ohun tí àwọn ará Georgia ń fi nǹkan mẹ́ta yìí ṣe nígbà ìjì, mi ò sì rí ẹni bi. Èmi náà tò sórí ìlà, mo ra búrẹ́dì mẹ́rin. A kì í jẹ búrẹ́dì nílé wa.

Ọ̀gá mi ní Forest Park, níbi tí mo ti ń ṣàkóso ẹrù tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ní kí gbogbo wa jókòó sílé. Ní ti ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kan ní Downtown, àárín ìlú Atlanta gan-an. Wọ́n ní kó di ẹrù rẹ̀ wá, pé ẹni tó bá wà lórí shift nígbà ìjì ò ní lọ sílé títí ọ̀nà á fi ṣeé rìn. Ó di báàgì rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

“Ṣé ẹ máa lè tọ́jú Màmá?”

“Kí ló fẹ́ ṣe Màmá? Iná wà, hítà wà, oúnjẹ wà.”

“Ohun tí mo ṣe ń bèèrè nìyẹn,” ló wí, ó sì lọ.

Kì í ṣe snow ló bọ́. Ká ní snow ni, ọmọdé ì bá fi ṣeré, àgbà ì bá gbá a kúrò. Òjò ni. Òjò wẹ́wẹ́ lásán tó ń rọ̀ bí omi, ṣùgbọ́n tó ń di yìnyín lórí ohunkóhun tó bá bà lé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo àdúgbò ń dán bí ẹni pé wọ́n rì í bọnú ṣúgà yíyọ́. Ewé igi, àpótí lẹ́tà, wáyà iná tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, gbogbo wọn ló wọ yìnyín bí ẹ̀wù. Wáyà tó máa ń nà gbọọrọ ti sọ̀ wálẹ̀ bí okùn tí wọ́n sá aṣọ tútù sí. Mo tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. “Ẹ wo ẹwà,” ni mo kọ sábẹ́ rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ tán ni mo gbọ́ “pàà!” bí ìró ìbọn. Ẹ̀ka igi páìnì kan, tó tóbi ju èmi lọ, já láti òkè, ó bọ́ lu wáyà. Iná aláwọ̀ búlúù kan kọ yẹ̀rì lórí òpó, tiransifọ́mà dún “bùù,” ilé sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé mi máa ń kùn. Fíríìjì, hítà, ẹ̀rọ omi gbígbóná, gbogbo wọn ló ti ń kùn lábẹ́lẹ̀ láti ọdún mẹ́fà tí a ti ń gbé ibẹ̀, tí mo rò pé bí àlàáfíà ṣe ń dún nìyẹn.

Màmá yọjú láti yàrá. Ó ti wọ súwẹ́tà méjì, tọ́ọ̀ṣì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Wọ́n ti mú un lọ,” ló wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

“Rárá, Màmá. Igi ló ṣubú. Wọ́n máa tún un ṣe láàárín wákàtí kan.”

“Ẹ kú ìfaradà o,” ló dáhùn, ó sì padà sínú yàrá.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná fún wa ní máàpù kan lórí fóònù, tó máa ń fi ibi tí iná ti lọ hàn. Mo ṣí i. Mo ti rò pé àmì kan ṣoṣo ni màá rí, lórí ilé tèmi. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló pọ́n bí ara ọmọ tó ní èéyi. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àdúgbò wa pé iná máa dé ní aago méjìlá ọ̀sán. Nígbà tí aago méjìlá lù, wọ́n sọ ọ́ di aago mẹ́rin. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó di ọ̀la. Nígbà tó yá, wọ́n yọ aago kúrò níbẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ń ṣe àyẹ̀wò. Mo mọ èdè yẹn. Inú èdè yẹn ni mo dàgbà sí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé tibí ní àwọ̀ mèremère, tó sì ń pè mí ní oníbàárà ọ̀wọ́n.

Ilé ìgbàlódé nilé wa, ìyẹn ni pé kò sí ohun kan níbẹ̀ tó lè dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀. Hítà ń lo gáàsì, gáàsì sì wà, ṣùgbọ́n fáànù tó ń fẹ́ ooru rẹ̀ ká ilé, iná ló ń lò. Sítóòfù, iná. Kẹ́tùlù, iná. Ilẹ̀kùn gáréèjì, iná, mọ́tò mi sì wà nínú rẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá kí n tó gbà pé iná ni bọ́tìnnì náà ń lò. Màmá ló gbójú sókè tó rí okùn pupa kan tó ń fì lábẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀kùn.

“Kí lèyí wà fún?”

Mo ní mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọjá lábẹ́ okùn yẹn. Màmá fà á, ilẹ̀kùn tú kúrò lára ẹ̀rọ, a sì fi ọwọ́ gbé e sókè.

Ohun tó ká mi lára jù ni ẹran ewúrẹ́ tó kún fírísà. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, mò ń ní, “Ẹran yìí máa bàjẹ́. Ẹran yìí máa bàjẹ́.” Màmá jẹ́ kí n rìn títí ó fi rẹ̀ mí, ó wá na ọwọ́ sí ìta. “Ṣé gbogbo èyí kọ́ ni fírísà?” A kó ẹran náà sínú kúlà, a gbé e sẹ́yìn ilé, mo sì gbé òkúta lé e lórí nítorí àwọn ẹranko. Oyè ìjìnlẹ̀ ni mo gbà nínú ìmọ̀ ìṣàkóso ẹrù.

Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, òtútù ti gba inú ilé. Màmá ní òun fẹ́ mu nǹkan gbígbóná. Mo rántí pé a ní ààrò èédú tí a fi ń sun ẹran nígbà ooru. Ilẹ̀ ń yọ̀ níta, afẹ́fẹ́ ń gé etí, nítorí náà mo dá ọgbọ́n kan, irú ọgbọ́n tí ọkùnrin máa ń dá nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ò bá sí nílé. Mo gbé ààrò náà sínú gáréèjì, mo dáná sí i, mo fa ilẹ̀kùn ńlá sílẹ̀ kí ooru má bàa jáde, mo sì ṣí ilẹ̀kùn tó wọ ilé ìdáná sílẹ̀ kí inú ilé náà lè jẹ nínú rẹ̀. Màmá gbé àga, ó jókòó tì í. Omi hó, a mu tíì. Inú mi dùn débi pé mo bọ́ sí pálọ̀ láti pe ìyàwó mi, kí n ròyìn ara mi.

“Kò séwu níbí. Màmá ń yáná nínú gáréèjì.”

“Iná kí ni?”

“Èédú.”

“Ṣé ilẹ̀kùn gáréèjì wà ní ṣíṣí?”

“Ó wà ní títì. Ṣé o fẹ́ kí òtútù…”

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò gbọ́ kó pariwo bẹ́ẹ̀ rí. “Ẹ gbé Màmá jáde! Ẹ gbé e jáde báyìí-báyìí!” Bó ṣe ń wí ni ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lára ògiri, tó ń lo bátìrì, bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo sáré padà sí gáréèjì. Màmá ti fọwọ́ lérán, ojú rẹ̀ wúwo.

“Orí ń fọ́ mi díẹ̀,” ló wí.

Mo gbé ilẹ̀kùn sókè, mo gbá a mú, a jáde sínú òtútù, ẹsẹ̀ àwa méjèèjì ń yọ̀. Mo padà lọ wọ́ ààrò náà síta, mo dojú rẹ̀ dé, ẹ̀yinná fọ́n sórí yìnyín, ó ń ṣe ṣìì. Màmá mí sínú, ó mí síta. Ìyàwó mi ṣì wà lórí fóònù, ó ń bi ìyá rẹ̀ bóyá èébì ń gbé e, bóyá ojú ń ṣú u, bóyá ó mọ ọjọ́ tí a wà. Ó ní bí orí fífọ́ náà ò bá lọ láìpẹ́, kí n pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Nígbà tó tó bí ìdajì wákàtí, ó lọ. Ìyàwó mi wá ṣàlàyé fún mi ní pẹ̀lẹ́tù, bó ṣe máa ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, pé afẹ́fẹ́ burúkú kan, èyí tí ẹ̀rọ ara ògiri náà ń ké nítorí rẹ̀, wà nínú èédú tó ń jó, tí ojú ò rí, tí imú ò gbọ́, tó sì máa ń mú èèyàn sùn lọ láìjí mọ́. Ó ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni wọ́n ń gbé irú wọn wá bá àwọn.

“Irú ta ni?”

“Irú yín,” ló dáhùn.

Mo lè fi gbogbo nǹkan yòókù tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn ṣàwàdà. Mi ò rí ẹ̀rín kankan nínú èyí títí dòní. A ṣí gbogbo fèrèsé títí ẹ̀rọ náà fi dákẹ́, a sì fi gbogbo aṣọ tí a ní sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ti fagi lé ìsìn. Mo gbé ìtìjú tà, mo pe Bàbá Oníná. Ilé ọmọ rẹ̀ kò ju máìlì méjì sí tiwa. Mo fi Màmá sílẹ̀ nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, mo wa mọ́tò lọ bí ẹni tó gbé ẹyin lérí. Igi wà nílẹ̀ níbi gbogbo. Òpó kan ti dá sí méjì lẹ́bàá ọ̀nà, wáyà rẹ̀ nà sórí koríko, mo sì yà fún un bí ẹni tó rí ejò. Nígbà tí mo dé àdúgbò Bàbá, mo gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì dùn létí mi bí orin.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá náà lórí yìnyín. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ ló yọ̀ mí.

“Dìde, kí o má bàa lẹ̀ mọ́bẹ̀,” ló wí.

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó mú mi jókòó síwájú hítà, ó fún mi ní tíì, ó sì là á yé mi bí olùkọ́. Ó ní wáyà fúnra rẹ̀ lè gbé yìnyín dé ìwọ̀n kan, igi gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Igi páìnì tó pọ̀ níbí kì í wọ́wé nígbà òtútù, nítorí náà gbogbo òjò náà ló ń dì sí i lára títí ẹ̀ka á fi já. “Lápá àríwá lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti wọ́pọ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń rí tiwọn. Igi tó máa ṣubú ti ṣubú tán. Tiwa ń kó ara jọ de ọjọ́ kan ṣoṣo.”

“Ìgbà wo ni wọ́n máa dé ọ̀dọ̀ wa, Bàbá?”

“Wáyà ńlá tó ń gbé iná wọ̀lú ni wọ́n á kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn àti ibi tí wọ́n ti ń fa omi. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà tí ilé pọ̀ sí. Ilé mélòó ló wà ní kọ̀rọ̀ yín yẹn?”

“Mọ́kànlá.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn.”

Jẹnẹrétọ̀ méjì ló ní. Ẹ gbọ́ mi yé o: méjì. Ó yá mi ní kékeré, ó fún mi ní kẹ́ẹ̀gì epo kan àti wáyà gígùn, ó ní kí n má tàn án nítòsí fèrèsé. Ojú kòkòrò mi ò jẹ́ kí n dákẹ́, mo bi í bóyá ó ní wáyà olórí méjì, irú èyí tí àwọn kan nílé máa fi ń ti iná jẹnẹrétọ̀ bọ ojú iná ara ògiri, kí gbogbo ilé lè tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú Bàbá yí padà.

“Ṣé o fẹ́ pààyàn ni?”

“Ilé mi ni mo fẹ́ tàn, Bàbá.”

“Iná tó bá gba ara ògiri wọlé ò mọ̀ pé ilé rẹ ni kóun dúró sí. Á jáde lọ bá tiransifọ́mà. Tiransifọ́mà tó ń sọ iná ńlá di kékeré fún ọ, òun náà ló máa sọ kékeré tìrẹ di ńlá padà sórí wáyà. Ẹni tó wà lókè òpó, tó rò pé wáyà ti kú, ìwọ lo pa á.” Ó gba ife tíì lọ́wọ́ mi. “Mo ti sin ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nítorí irú ẹ̀.”

Mo gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré náà sínú bùùtù mọ́tò mi.

Nígbà tí mo padà délé, Màmá kò sí nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo sáré síta, mo rí ojú ẹsẹ̀ kékeré tó dá ojú títì kọjá, tó sì lọ tààrà sí ilé tó kọjú sí tiwa. Ìyá òyìnbó àgbàlagbà kan ló ń dá gbé ibẹ̀. Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń wo ojú ara wa, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni ọ̀rọ̀ pa wá pọ̀, nígbà tó fẹjọ́ mi sun ẹgbẹ́ onílé, àwọn tó ń pàṣẹ irú ọ̀dà tí a lè fi kun ilẹ̀kùn wa, pé mo gbàgbé agolo ìdọ̀tí mi sójú títì di ọjọ́ kejì.

Màmá ń bọ̀ láti ibẹ̀, ó gbé abọ́ òfìfo lọ́wọ́. Ó ti dáná sẹ́yìn ilé nígbà tí mo jáde, níta gbangba lọ́tẹ̀ yìí, ó ti fi ògì gbígbẹ tó gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ po ẹ̀kọ, ó sì bù fún ìyá náà, nítorí ó ní láti àná, òun ò rí ẹnikẹ́ni kó wọlé tọ̀ ọ́.

“Ẹ̀rọ tó ń bá a mí ti kú,” ló wí. “Àgbá afẹ́fẹ́ kékeré kan ló ń fà símú báyìí. Ó fi hàn mí pé kò ní pẹ́ tán.”

Màmá ò gbọ́ òyìnbó ju “good morning” àti “thank you” lọ. Bó ṣe gbọ́ gbogbo ìyẹn, mi ò mọ̀. Mo dúró ti bùùtù mọ́tò mi, jẹnẹrétọ̀ wà nínú rẹ̀. Kí n má parọ́, kì í ṣe ìyá yẹn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Hítà kékeré wa ló wá sí mi lọ́kàn, àti fóònù mi, àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ gbá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

“Ṣé kò lọ́mọ ni?”

“Ó bí. Ibi tó jìn lọ́mọ náà wà.”

“Ẹ jẹ́ ká pe ọkọ̀ pàjáwìrì fún un nígbà náà.”

“Ẹ pè é.”

Mo pè é. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ò dára, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ sì pọ̀, kó rọra máa fi àgbá náà mí ná. Kí n tó gbé fóònù sápò, Màmá ti ṣí bùùtù.

“Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ,” ló wí, ní ohùn kan náà tó fi máa ń ní kí n kó àwo kúrò lórí tábìlì.

Mo gbé e síta ilé ìyá náà, jìnnà sí fèrèsé gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí, mo na wáyà wọlé, mo fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó jí. Ẹ̀rọ atẹ́gùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ fùù, fùù. Ìyá náà fi rọ́bà rẹ̀ símú, ó dijú, àwọ̀ padà sí ètè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó lajú, èmi ló wò.

“Ṣé ìwọ kọ́ ni alágolo ìdọ̀tí?” ló bi mí lédè tirẹ̀.

Mo ní èmi ni.

“Mi ò mọ̀ pé o ní ìyá,” ló wí.

Kò jẹ́ ká padà sílé wa tó tutù. Jẹnẹrétọ̀ náà lágbára tó láti gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn àti hítà kékeré kan, nítorí náà pálọ̀ rẹ̀ làwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Àwọn onípàjáwìrì dé nírọ̀lẹ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó dúró síbi tó wà, pé ibẹ̀ gbóná ju ọ̀dọ̀ àwọn lọ. Màmá se ẹran ewúrẹ́ lórí ààrò níta, búrẹ́dì mẹ́rin tí mo rà sì rí iṣẹ́ ṣe. Ata mú ìyá náà débi pé omi ń dà lójú rẹ̀ gba orí rọ́bà imú rẹ̀, ó sì tún na àwo rẹ̀ síwájú. Òun àti Màmá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí, oníkálukú ní èdè tirẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ààrẹ ẹgbẹ́ onílé rọra fẹsẹ̀ rìn wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwọn ará àdúgbò ń ráhùn nípa ariwo jẹnẹrétọ̀, ó sì rán mi létí òfin tó wà nílẹ̀ nípa rẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Kò lọ. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wá yọ fóònù àti wáyà rẹ̀ látinú àpò. Ìyá náà pariwo látinú àga pé kó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ ńlá méjì tó ní apá gígùn yà wọ àdúgbò wa. Láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti wa ọkọ̀ wá. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí òtútù ti la ètè rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

“Ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ ní òpópónà yìí?”

Mo na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó ní kí n fi bí mo ṣe so ó han òun. Mo mú un lọ síbẹ̀, ó fi ojú tọ wáyà láti ara jẹnẹrétọ̀ títí dé ara ẹ̀rọ atẹ́gùn, ó wá mi orí pé ó dára. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Àpá iná kan bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó lọ dé ìgúnpá, awọ ibẹ̀ ń dán bí ọ̀rá.

“Ẹnì kan tí ilé rẹ̀ tàn dáadáa ló fún mi ní èyí,” ló wí.

Mo rántí wáyà olórí méjì tí mo bèèrè, mo sì wo ìka ọwọ́ mi bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

Wọ́n fi ayùn gé ẹ̀ka igi náà kúrò, wọ́n fa wáyà padà sókè, wọ́n so ó. Ọkùnrin onírùngbọ̀n náà wá mú ọ̀pá gígùn kan, ó fi ti nǹkan kan padà sí ipò rẹ̀ lórí òpó. Ó dún “pá!” Ilé mọ́kànlá tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀: “Iná ti dé o!” Mo fò sókè, mo sì fi ìdí balẹ̀ lórí yìnyín lójú gbogbo àdúgbò. Ààrẹ ẹgbẹ́ onílé pariwo ju mi lọ, kò sì sẹ́ni tó ka òfin ariwo fún un. Kí àwọn òṣìṣẹ́ náà tó lọ, Màmá ti búrẹ́dì àti ẹran gba ojú fèrèsé ọkọ̀ wọn. Mo fẹ́ ṣàlàyé irú ẹran tó jẹ́, ọkùnrin náà ní òun ò bèèrè.

Ìyàwó mi délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ ti wọnú. Kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó yẹ ojú ìyá rẹ̀ wò, ó dá títì kọjá lọ yẹ ìyá òyìnbó wò, ó wá gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ ọmọ wa de ààrò èédú mọ́ ara igi, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Lẹ́yìn náà ló tó lọ sùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé jẹnẹrétọ̀ padà lọ fún Bàbá Oníná. Mo ti nù ún títí ó fi ń dán. Bàbá ò wo ibi tó ń dán. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì jáde, ó nù ún, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á jáde, ó wá mú un wá síwájú ojú mi.

“Kí lo rí?”

“Ọ́ìlì, Bàbá.”

“Ẹ̀tẹ́ lo rí. Wá kúnlẹ̀ síbí.”

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tútù, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń da ọ́ìlì dúdú nù, bí wọ́n ṣe ń rọ tuntun sí i, àti ìgbà tó yẹ kí n ṣe é. Nígbà tí a parí, ó ní tí n bá fẹ́ ra tèmi, òun á bá mi yàn án, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ fún òun bí iná tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan nílé mi ń fà ṣe pọ̀ tó. Mi ò mọ ọ̀kan ṣoṣo. Ó fún mi ní ìwé àti bírò, ó ní àkọlé rẹ̀ wà lẹ́yìn wọn, kí n lọ kà á wá.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni mo fi dùbúlẹ̀, tí mo fi dìde, láti ẹ̀yìn fíríìjì dé ìdí kẹ́tùlù, mò ń kọ nọ́mbà sílẹ̀. Ìyàwó mi bá mi níbi tí mo ti ki orí bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ.

“Kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀?”

“Iṣẹ́ àṣetiléwá ni,” ni mo dá a lóhùn, mo sì ní kó bá mi di ẹsẹ̀ mú.